Ìyá Àgbà Tí Ó Ń Lọ Ṣe Kérésìmesì ní Ìlú Ọba

Ẹni bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀yin òǹkàwé mi, nítorí àkókò tí àwọn ọmọ ń fi ìwé ọkọ̀ òfuurufú ránṣẹ́ sí ìyá wọn ti dé. Láti Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò, àwọn ìyá ń palẹ̀ mọ́ láti lọ ṣe Kérésìmesì lọ́dọ̀ ọmọ ní London. Wọ́n ti ra kóòtù òkìrìkà ní ọjà Kàtángùà, wọ́n ti lọ ata, wọ́n ti di gàrí. Lójú tèmi, òtútù kọ́ ni ọ̀tá tí ó le jù tí wọn yóò bá pàdé níbẹ̀. Àìsàn tí wọ́n fi pamọ́ fún ọmọ ni.

Àwọn kan ní kí ẹni tí ó bá dé Ìlú Ọba gbàgbé oúnjẹ ilé, kí ó jẹ tòlótòló bíi tiwọn. Àwọn mìíràn ní bí kò bá sí ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ ata, ọdún kò pé. Èmi kò rí ìjà níbẹ̀. Àlejò ni Kérésìmesì fúnra rẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ wa nígbà kan. Ní 1842 ni Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend, àwọn oníwàásù, ṣe ọdún náà ní Àgbádárìgì. Àwọn bàbá wa gbà á, wọ́n fi ìrẹsì, adìẹ, aṣọ tuntun àti abọ́ oúnjẹ tí à ń gbé fún aládùúgbò Mùsùlùmí kún un, ó sì di tiwa. Bí àwọn ọmọ wa ní Peckham bá wá ń fi ata rodo ra tòlótòló lára kí wọ́n tó yan án, ọ̀nà àwọn bàbá wọn ni wọ́n ń tọ̀.

Ṣùgbọ́n àṣà kan wà tí a ń dì mọ́ ẹrù lọ, tí ó yẹ kí a jù sílẹ̀. Òun ni pé a kì í dárúkọ àìsàn nígbà ọdún. Ìyá kan sọ fún mi ní dìsípẹ́ńsárì wa pé òun yóò fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun sílẹ̀ nílé, kí ìyàwó ọmọ òun má baà mọ̀ pé aláìsàn ni òun. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kí ó tó gbà láti kó o dání. Òun nìkan kọ́ ló ń rò bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ ọmọ ló ń fà á, àti ìbẹ̀rù kí ọmọ má baà náwó. Ìfẹ́ tí ó léwu ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó bá dá oògùn rẹ̀ dúró lè má mọ nǹkan kan lára, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ náà ń ga sókè. Òtútù ibẹ̀ a máa mú kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀, èyí a sì tún gbé e sókè sí i. Ẹ wá fi iyọ̀ oúnjẹ ọdún kún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, èyí tí kò kún ṣíbí ìmutíì kan, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ pọ̀ nínú mágí tí a ń dà sínú ìkòkò. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé, àrùn rọpárọsẹ̀ kò jìnnà.

Ọjọ́ Kérésìmesì kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ènìyàn ń wá oògùn kiri ní London. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ àti bọ́ọ̀sì ìlú kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2004 kò jẹ́ kí àwọn ilé ìtajà ńlá ṣí, díẹ̀ sì ni ilé oògùn tí ń ṣílẹ̀kùn. Nítorí náà, kí ìyá kó oògùn tí yóò tó o títí yóò fi padà, kí ó fi ti ọ̀sẹ̀ méjì lé e, nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà, nínú àpò ọwọ́. Kí ó má ṣe gba ẹrù oògùn ẹlòmíràn dání: tramadol wà lábẹ́ òfin oògùn líle níbẹ̀ láti 2014. Ẹran gbígbẹ pàápàá kò gbọdọ̀ wọlé.

Ní ti owó, ẹ gbọ́ òtítọ́. Ní England, ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì kì í gba owó lọ́wọ́ àlejò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dá a dúró sórí ibùsùn, owó bẹ̀rẹ̀, ó sì jẹ́ ìlọ́po kan àtààbọ̀ iye tí ìjọba wọn fi lé ìtọ́jú náà. Wọn kì í tìtorí owó dá ìtọ́jú tí kò ṣeé dúró dè dúró. Kí ọmọ ra ìwé adójútòfò ìrìn àjò fún ìyá, kí ó sì kọ gbogbo àìsàn ìyá sínú rẹ̀. Èyí tí a bá fi pamọ́, ilé iṣẹ́ náà lè kọ̀ láti sanwó rẹ̀. Ẹ rí i pé ìpamọ́ tí ìyá rò pé òun fi ń ṣọ́ owó ọmọ gan-an ni yóò jẹ owó náà.

Kí ni kí a wá mú, kí ni kí a fi sílẹ̀? Ẹ jẹ́ kí ìrẹsì wa wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n kí a dín mágí kù, kí a má sì fi ìkòkò sílẹ̀ lórí sítóòfù mọ́jú. Kí ìrẹsì tó kù wọ inú fíríìjì láàárín wákàtí kan. Ẹ gbé abọ́ fún aládùúgbò, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ẹ̀pà ń ṣe é níbi. Ẹ gba àṣà tiwọn pẹ̀lú, ti rírìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ tètè jáde, nítorí ilẹ̀ ń ṣú ní nǹkan bí aago mẹ́rin.

Mo fẹ́ kí a dá àṣà tuntun kan sílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 24, lẹ́yìn àdúrà, kí ọmọ bi ìyá rẹ̀ pé, "Ìyá mi, oògùn yín ńkọ́? Ẹ ti lò ó?" Kí ó kọ orúkọ oògùn náà sí ara fíríìjì, kí ó kọ 111 sí abẹ́ rẹ̀ fún ìmọ̀ràn, àti 999 fún bí ẹnu bá wọ́ tàbí apá bá rọ. Ẹni tí ó bá ní èyí ń ba ọdún jẹ́, ẹ bi í bóyá ọdún dùn nínú ọkọ̀ aláìsàn.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ béèrè. Ẹ̀yin ìyá, ẹ sọ. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.