Èdè Ìdánwò àti Èdè Àkókò Ìsinmi

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ mọ èdè tí ó wà láàyè ní ẹnu àwọn ọ̀dọ́, kí ó má ṣe lọ sí kíláàsì nígbà tí olùkọ́ ń kọ́ni. Kí ó dúró di ìgbà tí wọ́n bá pa ìwé dé, tí wọ́n rẹ gàrí, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tàkurọ̀sọ. Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní ìsinmi ìparí ọdún 2025, lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí mo rò pé èmi ni mo ń kọ́.

Ìlú mi ni Ìmùṣin. Bí mo bá ti ti yunifásítì dé, àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n ń múra sílẹ̀ fún WAEC àti JAMB a máa wá bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn jókòó ní alẹ́. Iyàrá kan ni a ń lò, iná sólà kan ṣoṣo ni ó wà lókè orí wa. Ní agogo mẹ́jọ a óò pa ìwé dé fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ mọ ohun tí ọmọ Ìjẹ̀bú yóò ṣe ní irú àkókò bẹ́ẹ̀: gàrí wa tí ó kan dáadáa, omi tútù, ẹ̀pà, àti ṣúgà bí ó bá wà.

Ọ̀rọ̀ ìdánwò ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde. Ta ni ó gba máàkì mélòó ní JAMB, ta ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ kú sí ìbéèrè kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀kọ́ wo ni ó le jù. Èyí kì í pẹ́. Kí gàrí tó wú nínú ife, wọn yóò ti bọ́ sórí anime, ìyẹn àwọn fíìmù àwòrán tí àwọn ará Jàpáànù ń ṣe. Ibẹ̀ ni ojú gbogbo wọn ti máa ń là. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ láti agogo mẹ́fà yóò dìde dúró kí ó lè fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe bí Naruto ṣe ń ja ìjà rẹ̀. Wọn yóò máa jiyàn lórí One Piece bí àgbà ṣe ń jiyàn ẹjọ́ ilẹ̀.

Kí n má purọ́ fún yín, inú kọ́kọ́ bí mi. Mo wí nínú ara mi pé, ọmọ Ìmùṣin tí kò lè ki oríkì orílẹ̀ baba rẹ̀, òun náà ni ó ń ka orúkọ àwọn jagunjagun Jàpáànù láìkọsẹ̀! Ìbáwí ti dé ètè mi. Ọmọbìnrin kan tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lẹ́nu láìmọ̀. Ó ń wo fíìmù kan lórí fóònù rẹ̀. Ọkùnrin kan ti ibi iṣẹ́ dé, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì wí fún un pé, "Otsukaresama." Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, 'Ẹ kú iṣẹ́' mà ni wọ́n ń sọ! Ohun tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì dà bí ìgbà tí ọ̀gá ń yin ọmọ iṣẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn ń kí i ni."

Òótọ́ ni ó sọ, mo sì dákẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ, eré ni a fi ń ṣe ní agogo mẹ́jọ. Ẹni tí ó bá wọlé ní Jàpáànù a máa wí pé "Tadaima," èyí tí ó túmọ̀ sí pé òun ti dé, àwọn ará ilé a sì dáhùn pé "Okaeri." Kí ni ẹ̀yin yóò pe èyí bí kò bá ṣe "Ẹ kú àbọ̀"? Gẹ̀ẹ́sì ní láti wá ọ̀nà yí i po kí ó tó lè sọ ọ́. Tiwa wà nílẹ̀, ó ń dúró de ẹni tí yóò lò ó. Wọ́n tún ní "senpai," ẹni tí ó ṣáájú rẹ wọ ilé-ìwé tàbí ẹnu iṣẹ́. Àwọn tí ń túmọ̀ fíìmù sí Gẹ̀ẹ́sì a máa fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn nítorí pé wọn kò rí ohun tí wọn yóò pè é. Àwọn ọmọ mi kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: "Ẹ̀gbọ́n ni." Orúkọ tí wọ́n ń pe èmi fúnra mi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ a kò bá ara wa tan.

Ohun tí mo ń tọ́ka sí nìyí. Jàpáànù kò pín ààlà pẹ̀lú wa, àwọn méjèèjì kò bá ara wọn tan, ṣùgbọ́n èdè wọn àti èdè wa jọ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àgbà àti ọmọdé, wọ́n sì jọ mọ̀ pé a kì í kọjá lára ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ láìkí i. Gẹ̀ẹ́sì ni ó dúró ní àárín bí ògbufọ̀ tí kò gbọ́ ìkíni. Ọmọ tí ó bá sì gba ti ogbufọ̀ náà nìkan yóò rò pé ohun àjèjì ni òun ń wò, nígbà tí ó jẹ́ pé ìwà ilé baba rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ kíkà náà wà ńbẹ̀. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í kàwé mọ́. Ọmọ tí ó bá wo fíìmù Jàpáànù fún wákàtí méjì, kíkà ni ó ń kà fún wákàtí méjì, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ kì í dúró de ọ̀lẹ. One Piece, tí Eiichiro Oda bẹ̀rẹ̀ sí kọ ní 1997, ti lé ní ìdìpọ̀ ọgọ́rùn-ún. Ọmọkùnrin kan láàárín wa ti ka èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lórí fóònù. Ọmọkùnrin yìí kan náà ni ó sọ fún mi pé ìwé ìtàn àpilẹ̀kọ Yorùbá tí wọ́n yàn fún àwọn gùn jù!

Òun náà ni ó fi ohun kan hàn mí tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú ìwé manga tí wọ́n ń tẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ní Jàpáànù, wọn a máa kọ lẹ́tà kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ àwọn àmì ńláńlá tí ó ṣòro í kà, kí ọmọdé lè mọ bí a ṣe ń pè é. Furigana ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹni tí ó ka èyí sí wàhálà. Àwọn ọmọ ibẹ̀ kò sì torí rẹ̀ sá fún èdè wọn. Mo bi í pé, "Àmì ohùn tiwa ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ kan náà kọ́ ni ó ń ṣe?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní nínú ìwé tàwọn, kí òun lè gbádùn ìtàn ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀, nínú Yorùbá, kí wọ́n lè yọ òun ní máàkì ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má bínú. Bí ọmọ náà ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe gbé e kalẹ̀.

Nínú àwọn méje tí a jọ ń jókòó, méjì péré ni ó fẹ́ ṣe Yorùbá ní WAEC. Àwọn márùn-ún yòókù kò kórìíra rẹ̀. Ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú ni wọ́n fi ń bá ara wọn jà, òun ni wọ́n fi ń dárà, òun náà ni wọ́n fi ń sọ ìtàn Naruto. Ṣùgbọ́n lójú wọn, èyí tí ó wà ní ẹnu wọn kì í ṣe Yorùbá. Yorùbá ni ti inú ìwé ìdánwò, èyí tí ó ní àwọn ìbéèrè nípa ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹni tí kò bá sì ti ṣe ìdánwò rẹ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ìdánwò yìí kan náà ni ìjọba ń fi lu èdè wa lórí. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ìdí tí ó sọ ni pé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ni jù. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ọdún. Ọmọ tí ó ṣe WAEC ní 2025 ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 2019. Báwo ni òfin 2022 ṣe fẹ́ pa á lára? Ó sì yẹ kí a rántí pé láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, ní ti Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru ìjọba. Bí wọ́n bá dá òfin náà padà ní ọ̀la, kíláàsì ni òfin mọ. Òfin kò dé ibi tí a ti ń rẹ gàrí. Nígbà kan rí Yorùbá wà níbẹ̀. Bàbá mi ní àpótí kan tí ó kún fún Atọ́ka, ìwé ìròyìn alá̀wòrán tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà tí àwọn ọdún 1960 sí 1969 ń lọ sópin. Àwọn eléré ìtàgé ni wọ́n máa ń ya fọ́tò wọn lẹ́sẹẹsẹ bí eré ti ń lọ, tí wọn yóò sì kọ ọ̀rọ̀ olúkúlùkù sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ní Yorùbá. Bàbá mi sọ fún mi pé abẹ́ tábìlì ni àwọn ti ń kà á ní ilé-ìwé, àti pé olùkọ́ tí ó bá gbà á lọ́wọ́ àwọn yóò lọ kà á ní yàrá àwọn olùkọ́. Ta ni ó ṣe ìdánwò lórí Atọ́ka rí? Fágúnwà pàápàá, kí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó di ìwé tí a ń yàn fún ìdánwò lẹ́yìn 1938 tí ó jáde, ìtàn iwin àti àǹjọ̀nú tí ó ń dẹ́rù ba ọmọ tí ó sì ń dùn mọ́ ọn ni. Bí ọmọ tí ó fẹ́ràn Naruto bá bá a pàdé níbi tí kò sí máàkì, mo rò pé yóò mọ̀ ọ́n ní ará ilé.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, fíìmù àwòrán kan jáde ní Amẹ́ríkà, Iyanu ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà ni Roye Okupe tí ó dá ìtàn náà sílẹ̀. Ọmọ òrukàn kan tí ó ní agbára àrà ni ó dá lé lórí, ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́ ni gbogbo rẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀. Inú mi dùn sí i púpọ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni Iyanu ń sọ. Àwọn ará Jàpáànù fi èdè wọn ṣe tiwọn, ayé sì ń sáré tẹ̀ lé wọn láti kọ́ ọ. Èmi kò dá Okupe lẹ́bi, ọjà ni ó mọ̀. Ìbéèrè mi ni pé, àwa tí a wà ní Ẹ̀ka Yorùbá, kí ni a ń ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìbò. Ní ọ̀sẹ̀ ẹgbẹ́ wa a máa wọ aṣọ òfì, a máa kéwì, a máa sun ìjálá, a ó sì jẹ ìkọ́kọrẹ́ ní àjẹyó. Bí ètò bá ti parí, tí a dúró sí iwájú ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa láti bá ara wa sọ nípa máàkì àti fíìmù àti bọ́ọ̀lù, Gẹ̀ẹ́sì ni. Àwa náà ti ya ti ìdánwò sọ́tọ̀ sí ti ìsinmi. Èyí burú ju ti àwọn ọmọ Ìmùṣin lọ.

Àbá mi kò ná ẹgbẹ́ ní owó púpọ̀. Kí olóòtú ya ojú-ìwé mélòó kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yìí fún ẹni tí ó bá wo fíìmù tàbí tí ó ka ìwé èyíkéyìí, ìbáà ṣe ti Jàpáànù, kí ó fi Yorùbá tí ó ní àmì ohùn sọ ohun tí ó rí ńbẹ̀, kí a má sì fi máàkì sí i. Kí a sì kọ́ bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù ní Yorùbá. Ní ìgbà tí kò tíì sí ẹni tí ń ta anime ní ọjà bí ó ti yẹ ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1980 sí 1999, àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ fúnra wọn sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, láìgba owó iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ wà níbẹ̀, mo mọ̀; nítorí náà kí a fi fíìmù kúkúrú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa ní Ẹ̀ka Eré Ìtàgé ń ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò gbà fún wa, bóyá wọn yóò tilẹ̀ ra ohun mímu.

Ní alẹ́ tí mo fi Ìmùṣin sílẹ̀ ku ọ̀la, ọmọbìnrin tí mo sọ yẹn ya àwòrán kan láti inú fíìmù rẹ̀, ó sì fẹ́ kọ "Ẹ kú àbọ̀" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó bi mí pé àmì wo gan-an ni ó wà lórí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Mo ní dò dò ni. Ọmọkùnrin One Piece ní irọ́ ni, ó ní bí ó bá jẹ́ dò dò, kí ni ó yà á sọ́tọ̀ sí ààbọ̀ tí a fi ń ra gàrí? Ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tí kò ṣe Yorùbá dáhùn pé ti gàrí gùn jù ú lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń pè é léraléra, wọ́n ń na ìka bí wọ́n ti ń ka ohùn. Nígbà tí mo wo aago, ó ti di mẹ́sàn-án kọjá, ìwé kò sì tíì ṣí.