Kí Òjò Tó Dé: Ẹsẹ̀ Ògiri Ni Ká Kọ́kọ́ Wò

 

Ní agbègbè wa yìí, láti Àjàṣẹ́ dé Avrankou, òjò ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta, a sì máa rọ̀ títí di oṣù Keje. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó kù yìí ni àkókò iṣẹ́ ilé. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí òjò ń rọ̀, amọ̀ rẹ̀ kò ní gbẹ mọ́. Owó kò tó nílé ẹnikẹ́ni, a mọ̀. Ẹ jẹ́ ká to iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ.

Èkíní, ẹsẹ̀ ògiri. Ọ̀pọ̀ ilé wa ni a fi ilẹ̀ pupa mọ. Ó lágbára bó bá gbẹ, ṣùgbọ́n bí omi bá ń ta sí i lẹ́sẹ̀, yóò máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí ògiri yóò fi wó lóru lu àwọn tó ń sùn. Ẹ gbọn ibi tó ti jẹ, ẹ fi omi rin ín, kí ẹ fi amọ̀ tí a pò mọ́ koríko gbígbẹ dí i. Ẹ má sáré fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Sìmẹ́ǹtì kì í dì mọ́ amọ̀ dáadáa. Á sán, omi á gba ibẹ̀ wọlé, á sì dúró sí ibi tí ojú kò tó. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Èkejì, àgbàrá. Ẹ la ọ̀nà fún omi òrùlé kó jìnnà sí ilé, ṣùgbọ́n kó má lọ sí ẹsẹ̀ ògiri aládùúgbò. Ọ̀pọ̀ ìjà, inú àgbàrá ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ sọ ọ́ nísinsìnyí tí ilẹ̀ ṣì gbẹ.

Ẹ̀kẹta, omi. Ẹ mọ ẹnu kànga sókè, ẹ bò ó, kí ṣáláńgá sì fi mítà 30 jìnnà sí i. Kòtò tí ẹ ti wa amọ̀, ẹ dí i padà: láàrin bí ọjọ́ 7 sí 14, ẹyin ẹ̀fọn inú omi á ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n ti ń gún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà ní Benin, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kì í dí kòtò.

Ẹ̀kẹrin, ọgbà. Ẹ má sun ewé tí ẹ gbá jọ. Ní Songhaï, tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1985, pàǹtí kì í ṣòfò. Ẹ to ewé gbígbẹ, èèpo iṣu àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ léra wọn lábẹ́ ibòji, ẹ máa wọ́n omi sí i, ẹ máa yí i. Kí ọ̀rá má wọ inú rẹ̀. Ní oṣù 2 sí 3 yóò di ajílẹ̀ fún tẹ̀tẹ̀, gbọma àti tòmátì.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Àwọn arúgbó wà láàrin wa tí ọmọ wọn ti lọ sí Cotonou tàbí Èkó. Wọn kò lè po amọ̀ mọ́. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó parí tiyín, ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri wọn. Ẹni eji rí ni eji ń pa.