Àwọn Mọ́kànlá Tí A Kò Kọ Orúkọ Wọn

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti bá yín jà díẹ̀. Ìjà náà kì í ṣe ìjà ọ̀tá. Ìjà ọmọ ìyá ni. Ní ìpàdé wa kan láìpẹ́ yìí, mo dìde, mo ní kí ìwé ìròyìn wa yìí ya ojú ewé méjì sọ́tọ̀ nínú ìtẹ̀jáde kọ̀ọ̀kan fún ìtàn àwọn eléré ìdárayá ìlú wa gbogbo, kí a sì fi àwọn tó gbá họ́kì ní Àkókó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín ni ilé fi dá mi lóhùn. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, ọ̀gbẹ́ni kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi dìde, ó sì ka ìdí mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ mi kò fi yẹ ní gbígbọ́. Èkíní, ó ní eré òyìnbó ni họ́kì, kò kan Yorùbá. Èkejì, ó ní bí a óò bá tilẹ̀ kọ̀wé nípa eré, kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ gbá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ìgbèríko. Ẹ̀kẹta, ó ní kíka orúkọ ènìyàn sílẹ̀ kì í ṣe lítíréṣọ̀. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi jókòó. Ṣùgbọ́n ohun tó dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, bẹ́ẹ̀ ni pátẹ́wọ́ kì í ṣe ìdáhùn. Nítorí náà ni mo ṣe gbé kálàmù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó dùn mí. Ọmọ Ọ̀kà ni mí, ará Ìkàrẹ́ sì ni àwọn ẹbí ìyá mi. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Àkókó mọ̀ pé ilẹ̀ àpáta ni. Ní ayé ogun Nupé, orí òkè ni àwọn bàbá wa sá gùn kí a má baà kó wọn lẹ́rú, títí di òní ni àwọn ènìyàn sì ń gbé Òkè-Ọ̀kà. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, pápá tó tẹ́jú kì í ṣe ohun kékeré. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní àdúgbò wa fẹ́ ní pápá, àwọn òbí àti ọmọ ni wọ́n fi ọwọ́ ṣa òkúta kúrò níbẹ̀, tí wọ́n fi agbọ̀n rù ú dànù. Lórí pápá yìí ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti kọ́ họ́kì, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọdún 1976.

Ó sọ fún mi pé ojúlówó ọ̀pá họ́kì méje péré ni wọ́n ní. Káfíńtà ìlú ló gbẹ́ mẹ́rin yòókù láti ara ẹ̀ka gúáfà tó tẹ̀ kọ́rọ́. Bí bọ́ọ̀lù bá sọnù sínú igbó, ọsàn tí kò tíì pọ́n ni wọ́n ń gbá títí wọn óò fi rí i. Àwọn ìyá ọjà ń pe eré náà ní bọ́ọ̀lù ọlọ́pàá nítorí ọ̀pá ọwọ́ wọn, àlejò tí kò sì mọ̀ a máa rò pé àwọn agbófinró ni wọ́n fẹ́ wá gbá bọ́ọ̀lù! Ní ọjọ́ kan, àwọn ọmọbìnrin mọ́kànlá wọ lọ́rì láti Ọ̀kà, wọ́n gba ọ̀nà Akùngbá dé Ìkàrẹ́, wọ́n sì bá àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ gbá a. Góòlù méjì sí ẹyọ kan ni wọ́n fi ná wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló gbá ẹyọ kan yẹn wọlé. Ó ti di ìyá àgbà báyìí, orúnkún ń dùn ún, ṣùgbọ́n bó bá dé ibi ìtàn yìí, á dìde dúró, á sì fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ hàn mí bí òun ti ṣe é.

Mo bi í pé, "Mà, àwọn mẹ́wàá yòókù ńkọ́?" Ó ka orúkọ mẹ́ta. Ó rántí ìnagijẹ ẹnì kẹrin. Ó ní ọmọ kan wà níbẹ̀ tó dúdú, tó máa ń kọrin nínú lọ́rì. Ó dákẹ́. Ó wá ní, "Lọ wo ìwé ilé-ẹ̀kọ́, tísà wa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀." Mo lọ. Ikán ti jẹ ìdajì àwọn ìwé náà. Ìdajì yòókù, wọ́n ní wọ́n ti kó o fún oníàkàrà. Àkàrà ni wọ́n fi orúkọ àwọn ọmọ yẹn wé.

Bí ó bá mọ bẹ́ẹ̀, ǹ bá sunkún díẹ̀ kí n sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Wọ́n ti fi ìdajì pápá náà kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí díẹ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ lọ fi ẹ̀hónú hàn, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ni ẹnikẹ́ni fi pápá yẹn ṣe rí. Wọn kò ní ìwé kan ṣoṣo láti fi hàn. Ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ wò ó: ibi tí a kò bá kọ orúkọ ènìyàn sí, ẹni tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ yóò ní kò sí ènìyàn níbẹ̀ rí.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a mú ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rẹ́ wa ní eré òyìnbó ni. N kò jiyàn pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ òfin họ́kì òde òní sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ibojì kan ní Beni Hasan ní ilẹ̀ Íjíbítì, àwòrán ènìyàn méjì wà lára ògiri tí wọ́n kọjú síra, ọ̀pá tó tẹ̀ lórí ní ọwọ́ wọn, bọ́ọ̀lù láàárín wọn. Àwòrán náà sì tó nǹkan bí ẹgbàajì ọdún. Ní Ethiopia, wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù ní àkókò Kérésìmesì láti ìgbà láéláé. Ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù kò ní ìlú kan.

Ẹ wá wo bí eré náà ti rìn. Nígbà tí họ́kì kọ́kọ́ wọ Òlíḿpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1908, ẹgbẹ́ mẹ́fà péré ló díje: England, Ireland, Scotland, Wales, Jámánì àti Faransé. Ẹ̀yin náà ẹ kà á: mẹ́rin nínú mẹ́fà wá láti abẹ́ ọba kan ṣoṣo! England fi 8 sí 1 na Ireland ní àṣekágbá. Ní ọdún 1920 ní Antwerp, Gẹ̀ẹ́sì tún gba góòlù. Bí ọ̀rẹ́ wa bá wà láyé nígbà náà, tí ó sì ní eré òyìnbó ni, ǹ bá gbà fún un.

Ní ọdún 1928, Íńdíà dé Amsterdam. Jaipal Singh ni ọ̀gá wọn, ọmọ ẹ̀yà Munda, àwọn ará òkè àti igbó tí àwọn aládùúgbò wọn fojú tẹ́ńbẹ́lú. Òun náà ló jókòó lẹ́yìn náà nínú ìgbìmọ̀ tó kọ òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè Íńdíà. Sójà kan wà láàárín wọn tí ń jẹ́ Dhyan Chand. Ìdíje márùn-ún ni wọ́n gbá. Wọ́n gbá góòlù 29 wọlé, ẹnikẹ́ni kò gbá ẹyọ kan sínú ilé wọn. Dhyan Chand nìkan gbá 14. Ní ọdún 1932, wọ́n fi 24 sí 1 na Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1936, wọ́n fi 8 sí 1 na Jámánì ní Berlin. Àwọn tó ni òfin eré ńkọ́? Ní 1928, ní 1932, ní 1936, wọn kò yọjú. Ẹni tó bá fẹ́ lè sọ pé iṣẹ́ ló dí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n yọjú ní ọdún 1948, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní àgbàlá ara wọn, Íńdíà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní ọdún tó ṣáájú fi 4 sí òdo nà wọ́n. Ní ọjọ́ yẹn, eré ta ni họ́kì?

Ẹni tó bá gbá eré ló ni eré. Ọ̀rẹ́ wa wọ ṣòkòtò gígùn wá sí ìpàdé, ó fi bírò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé, lẹ́tà A, B, D sì ni ó fi kọ ọ́. Ta ló bá wa mú àwọn wọ̀nyí wá? A ti sọ lẹ́tà òyìnbó di tiwa débi pé òun ni a fi ń gbèjà Yorùbá. Èwo wá ni ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀pá gúáfà?

Ìdí kejì ni pé ọmọbìnrin ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé, àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì pàápàá gbọ́ ọ. Ní ọdún 1895 wọ́n dá ẹgbẹ́ họ́kì tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì tọ ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin lọ pé kí wọ́n gbà wọ́n wọlé. Èsì tí wọ́n gbà ni pé nítorí ọkùnrin nìkan ni a ṣe dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Wọn kò tìtorí èyí gbé ọ̀pá sílẹ̀. Ní ọdún 1896, àwọn obìnrin Ireland àti ti England pàdé ní Dublin, Ireland sì borí. Síbẹ̀, ọdún 1980 ni Òlíḿpíìkì tó gba họ́kì obìnrin láàyè ní Moscow, ọdún 72 gbáko lẹ́yìn ti ọkùnrin. Ta ló sì gba góòlù àkọ́kọ́? Zimbabwe ni, ilẹ̀ Áfíríkà, tó gba òmìnira ní oṣù kẹrin ọdún náà gan-an. N kò ní tan yín: aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó lágbára ni kò sì wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ orúkọ wọn lónìí yóò rí gbogbo rẹ̀, láìku ẹnì kan. Àwọn ọmọ Ọ̀kà mọ́kànlá tí wọ́n gba ọ̀nà àpáta lọ sí Ìkàrẹ́ ńkọ́?

Ọ̀rẹ́ wa tún pe ibẹ̀ ní ìgbèríko. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ní oṣù kìíní ọdún 1895, Wales àti Ireland gbá họ́kì ní Rhyl, Ireland sì fi 3 sí òdo borí. Òun ni ìdíje họ́kì àkọ́kọ́ láàárín orílẹ̀-èdè méjì. Ìlú kékeré létí òkun ni Rhyl. Ìkàrẹ́ jù ú lọ. Ohun tó sọ Rhyl di ìlú ìtàn kò ju pé ẹnì kan mú kálàmù ní ọjọ́ náà.

Ìdí kẹta ló yà mí lẹ́nu jù, nítorí pé ẹnu ọmọ ẹgbẹ́ Yorùbá ló ti jáde. Orúkọ kì í ṣe lítíréṣọ̀? Kí wá ni oríkì? Bí a bá yọ orúkọ kúrò nínú ìjálá, tí a yọ ọ́ kúrò nínú rárà, kí ló kù fún wa láti máa kọ́ ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́? Àwọn bàbá wa ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Reggie Pridmore ló gbá góòlù mẹ́rin nínú mẹ́jọ ọjọ́ àṣekágbá 1908. Ó kú sójú ogun ní Ítálì ní ọdún 1918, síbẹ̀ èmi ọmọ Ọ̀kà mọ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1949, àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, púpọ̀ nínú wọn sì fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. A mọ Teslim Balógun láàárín wọn, a sì ń fi í yangàn, nítorí pé a kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé ẹsẹ̀ Balógun nìkan ló yẹ ní kíkọ ni, tí ọwọ́ àwọn obìnrin wa kò yẹ?

Mo gbà pé bébà wọ́n, ìwé wa yìí kò sì nípọn. Mo gbà pé títí di Òlíḿpíìkì ọdún 2024, orílẹ̀-èdè wa kò tíì gbá họ́kì níbẹ̀ rí, nígbà tí Kẹ́ńyà ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1956. Ẹnì kan lè béèrè pé kí la fẹ́ yìn nígbà náà. Ìdáhùn mi ni pé n kò bẹ̀ yín kí ẹ yin ẹnikẹ́ni. Mo ní kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Àwa tí a ti ṣubú yìí, kí ni a óò rí bí a bá wẹ̀yìn, àfi bébà àkàrà?

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Ní ìsinmi tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú ìwé kan àti bírò kan lọ sílé, ìbáà jẹ́ Ọ̀kà, ìbáà jẹ́ Ìṣẹ́yìn. Kí ó jókòó ti ìyá àgbà kan, kí ó bi í pé eré wo ni ó ṣe nígbà èwe, ta ni wọ́n jọ ṣe é, ta ni wọ́n bá díje, pápá wo ni, ta ló borí. Kí ó kọ ọ́ bí ìyá náà bá ti sọ ọ́, kí ó sì mú un wá fún olótùú. Ojú ewé méjì ni mo tọrọ, kì í ṣe ogún.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti lọ sí Ìkàrẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà ìpàdé yẹn, mo sì ti rí obìnrin kan tó wà lára àwọn tó na Ọ̀kà ní ọjọ́ náà. Ó mọ ọmọ dúdú tó ń kọrin. Ó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Mo sáré padà lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Òun náà ni!" Orúkọ márùn-ún ti pé pẹ̀lú tirẹ̀, ìnagijẹ kan sì tẹ̀ lé wọn. Ó ku márùn-ún.