Kajú Kì Í Ṣe Ìpanu Lásán

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn mọ̀ pé kajú kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Àwọn Potogí ló gbé igi rẹ̀ láti Brazil wá sí Áfíríkà láàárín ọdún 1500 sí 1600, ṣùgbọ́n ó ti di ọmọ onílẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé a ó fa omi èso rẹ̀ mu, a ó sì ta kóró rẹ̀ tútù fún alágbàtà. Vietnam àti Íńdíà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni èrè iṣẹ́ yẹn ń kù sí.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa yan kóró tútù nínú yàrá o! Epo inú èèpo rẹ̀ a máa bó ni lára. Èyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ti yan, tí wọ́n sì ti pa, ni kí a rà, kí a fi se oúnjẹ. Ẹ rẹ ẹ̀kúnwọ́ kan sínú omi gbígbóná fún wákàtí kan, kí ẹ lọ̀ ọ́ mọ́ ata. Ọbẹ̀ yóò ki dáadáa. Ẹ gún un wẹ́wẹ́ sínú ìyẹ̀fun kéèkì tàbí ṣinṣín. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ bóyá ara rẹ̀ gbà á, nítorí ó lè pa ẹlòmíràn.

Wọ́n á ní ó wọ́n ju ẹ̀pà lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kúnwọ́ kan tó ìkòkò ọbẹ̀ kan. Ní tèmi, bí ilé ìdáná wa bá ń béèrè rẹ̀, àwọn tó ń yan án ní Ògbómọ̀ṣọ́ yóò rí oníbàárà nítòsí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.