Àgbà Kì Í Wà Lọ́jà Kí Orí Ọmọ Tuntun Wọ́

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí bẹ̀rẹ̀ ní ìpàdé wa tó kọjá. Ìyá kan tó ń ta aṣọ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, dìde, ó béèrè bóyá ẹgbẹ́ lè fi ìjókòó ọmọ inú mọ́tò kún àwọn ohun tí a ń bá ọmọ ẹgbẹ́ rà, kí òun máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń ṣe fún fírííjì àti ẹ̀rọ amúnáwá. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá kan ní, "Ta ló gbé ìjókòó fún àwa nígbà tí wọ́n ń pọ̀n wá?" Ìyá àgbà kan tẹ̀ lé e pé itan ìyá tó ọmọ ọ́ jókòó sí. Alága wá ní kí akọ̀wé lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé oṣooṣù wa. A ti wádìí. Èrò tiwa ni pé ẹgbẹ́ yẹ kó gbà fún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìjókòó tó wà lọ́jà ló yẹ ká fi owó ẹgbẹ́ rà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá bàbá wa lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n pọ̀n wá, ẹ̀yìn ìyá sì dára fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n mọ́tò kì í fẹsẹ̀ rìn. Ẹ gbọ́ ìṣirò yìí, ẹ̀yin oníṣòwò, nítorí ẹ mọ ìṣirò jù wá lọ. Bí mọ́tò bá ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan, tó wá kọlu nǹkan tó sì dúró láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ọmọ tó wọn 10 kílò yóò fi agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹrù 140 kílò já mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò ìrẹsì ńlá mẹ́ta. Ta ni nínú wa tó lè fi ọwọ́ méjì di àpò ìrẹsì mẹ́ta mú, nígbà tí ara òun fúnra rẹ̀ náà ń fò lọ síwájú? Bí ìyá bá sì fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo de ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọmọ, ara ìyá ni yóò tẹ ọmọ mọ́ bẹ́líìtì. Kì í ṣe pé ìyá kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ tó. Agbára ọwọ́ èèyàn ni kò ká a.

Àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, NHTSA, ti ṣírò rẹ̀ pé nínú mọ́tò kékeré, ìjókòó ọmọ ń dín ewu ikú kù ní ìdá 71 nínú 100 fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, àti ìdá 54 nínú 100 fún ọmọ ọdún 1 sí ọdún 4. Ẹ sì bi àwọn ọmọ wa tó wà ní London. Òfin ibẹ̀ ni pé kí ọmọ máa lo ìjókòó tirẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 12, tàbí títí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Àwọn ọmọ-ọmọ wa ń jókòó dáadáa níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá kí wa nílé, a ó gbé wọn sórí itan níwájú mọ́tò. Ṣé orí tí wọ́n gbé wá yìí ti yàtọ̀ ni?

Ó kù ká sọ irú èyí tó yẹ ká rà. Oríṣi méjì ni wọ́n máa ń gbé síwájú ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Èkíní ni ti ọmọ ọwọ́ nìkan, tó ní ìdìmú bí apẹ̀rẹ̀, tí a lè gbé jáde nínú mọ́tò tòun tọmọ láìjí i. Ó dùn ún lò, ṣùgbọ́n kì í bá ọmọ pẹ́. Nínú ìlànà R44 ti Yúróòpù, 13 kílò ni òpin rẹ̀. Orí ọmọ mìíràn tilẹ̀ ti ga dé òkè rẹ̀ kó tó wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ óò tún wá owó òmíràn. Èkejì ni èyí tó ṣeé yí padà, tí wọ́n ń pè ní convertible. Ọmọ yóò kọ́kọ́ kọjú sí ẹ̀yìn mọ́tò nínú rẹ̀; bó bá dàgbà tó, ẹ ó yí ìjókòó kan náà padà kó máa wo iwájú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ti Amẹ́ríkà wá ń gba ọmọ láti kílò 2 àti díẹ̀ títí dé 18 kílò ní ìkọjú-sẹ́yìn, wọ́n sì ń gbà á títí dé nǹkan bí 29 kílò ní ìkọjú-síwájú. Ẹni tó ń ṣọ́ owó ná, tó sì fẹ́ kí ọmọ dàgbà nínú ohun kan ṣoṣo, èyí ló bá a mu.

Oníṣòwò olóòótọ́ kì í pọ́n ọjà láìsọ àléébù rẹ̀. Ìjókòó yìí wúwo, a kì í gbé e wọlé gbé e jáde. Ẹni tó jẹ́ pé takisí àti mọ́tò olómọ̀ọ́lúàbí ló ń wọ̀ kiri, èyí tó fúyẹ́ ni kó wá. Ó tún fẹ̀. Bí mọ́tò yín bá kéré, tí ọmọ mẹ́ta sì wà lẹ́yìn, ẹ wọn ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó náwó. Bí ọmọ bá sì kéré gan-an nígbà tí wọ́n bí i, ẹ wo ìwọ̀n tó kéré jù tí wọ́n kọ sára ìjókòó, nítorí gbogbo wọn kọ́ ló gba ọmọ tuntun.

Kí ló dé tí ọmọ fi ní láti kọjú sẹ́yìn? Ẹ rántí òwe tí a fi ṣe àkọlé wa. Orí ọmọ tuntun tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ara rẹ̀, ọrùn tó gbé e kò sì tíì gbó. Ìdí nìyẹn tí àgbà ọjà fi ń pariwo bí ó bá rí i tí orí ọmọ wọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, ọmọ tó kọjú síwájú, bẹ́líìtì á di àyà rẹ̀ mú, orí á já lọ síwájú, ọrùn ni yóò ru gbogbo rẹ̀. Èyí tó kọjú sẹ́yìn, ẹ̀yìn ìjókòó ni yóò gbà á, orí, ọrùn àti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 2011, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ pé kí ọmọ kọjú sẹ́yìn títí di ọdún 2. Ní 2018 wọ́n yọ ọjọ́ orí kúrò níbẹ̀, wọ́n ní kó wà bẹ́ẹ̀ títí yóò fi dé òpin ìwọ̀n tàbí gíga tí ìjókòó náà gbà. Ìlànà R129 ti Yúróòpù kò gbà kí ọmọ kọjú síwájú kó tó kọjá oṣù 15. Nítorí náà, ẹ má sọ pé ọmọ ti ṣe ọjọ́ ìbí ọdún kan, ẹ wá yí i padà. Àwọn ìyá ń sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ á ká kò. Kó ká kò! Àwọn ọmọdé fẹ́ràn kí wọ́n ká ẹsẹ̀ jókòó.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ohun tí ẹ ó wò nìyí:

Èkíní, àmì ìjẹ́rìí. Èyí tó ti Yúróòpù wá ní lẹ́tà E nínú òbìrí, àti R44 tàbí R129. Ti Amẹ́ríkà ní àkọsílẹ̀ pé ó bá òfin ààbò ọkọ̀ ìjọba àpapọ̀ wọn mu. Èyí tí kò ní àmì kankan, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Èkejì, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò parí. Ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ wo ìdí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, okùn rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá kọjú sẹ́yìn, ibi tí okùn ti jáde gbọ́dọ̀ wà ní ìdọ́gba èjìká rẹ̀ tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀; bó bá kọjú síwájú, kó wà ní ìdọ́gba tàbí kó ga díẹ̀. Ẹ fà á le títí ìka yín kò fi ní lè ká okùn náà pọ̀ ní èjìká. Ẹ má ṣe fi ṣọ́ọ̀lù tó nípọn wé ọmọ kí ẹ tó dì í. Ẹ dì í tán, kẹ́ ẹ tó fi aṣọ bò ó.

Ẹ̀kẹrin, ṣé ó bá mọ́tò yín mu? Ẹ gbé e sí ẹ̀yìn mọ́tò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ibi tí bẹ́líìtì mọ́tò gbà kọjá lára rẹ̀, ẹ di ibẹ̀ mú kẹ́ ẹ mì ín: kò gbọdọ̀ sún ju ínǹṣì kan lọ. Àwọn mọ́tò tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti September 2002 ní irin ìkọ́ láàárín ìjókòó ẹ̀yìn fún iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tòkunbọ̀ wa ní i, a kàn jókòó lé e lórí ni.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má ṣe gbé ọmọ tó kọjú sẹ́yìn síwájú mọ́tò tó ní àpò afẹ́fẹ́. Bí àpò náà bá bẹ́, ẹ̀yìn ìjókòó ọmọ ni yóò gbá, ó sì lè pa ọmọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀. A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń tà á, inú wọn sì lè má dùn sí wa. Àwa tí à ń kọ̀wé yìí náà kò mọ́. Nígbà tí a bí àbíkẹ́yìn wa, a ra ìjókòó tòkunbọ̀ kan lọ́jà. Wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ń dán. A ná an, wọ́n dín in fún wa, a dúpẹ́. Oṣù mẹ́fà gbáko ni ọmọ fi jókòó nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí a dojú rẹ̀ dé láti gbọn ẹ̀rún búrẹ́dì inú rẹ̀ dànù la rí ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára ike nísàlẹ̀: ó ti kọjá láti ọdún mẹ́ta. A gbé e padà lọ. Ẹni tó tà á wò wá, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé oúnjẹ ni tó fi máa bàjẹ́?" Lọ́jọ́ náà, a kò rí èsì fún un.

A ti rí èsì báyìí. Ike ń gbó. Ooru inú mọ́tò tí a gbé sójú oòrùn, òtútù ìlú òyìnbó, àti ọdún tó ń yí, gbogbo rẹ̀ ń sọ ike di ẹlẹgẹ́. Ọdún 6 sí 10 ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń fún un láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Èyí tó sì ti wà nínú ìjàǹbá ńlá lókè òkun kó tó wọ kọ̀ǹténà lè ti sán nínú, lábẹ́ aṣọ, níbi tí ojú kò tó. Ọṣẹ kò lè fọ ìyẹn.

Ẹnìkan lè wí pé, "Bí ẹ bá ní kí a má ra tòkunbọ̀, ṣé ẹni tí kò lówó tuntun kó máa gbé ọmọ sórí itan ni?" Ìbéèrè gidi ni, a kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Kì í ṣe pé ohun tí ẹlòmíràn ti lò burú. Èyí tó burú ni èyí tí a kò mọ ìtàn rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá lò ó, tí ẹ mọ̀ pé kò bá ìjàǹbá pàdé, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì parí, tí okùn àti ìdè rẹ̀ pé, ẹ gbà á, kẹ́ ẹ dúpẹ́.

Ibí ni ẹgbẹ́ ti wúlò. Ohun mẹ́ta la fẹ́ gbé síwájú ìpàdé gbogbogbòò wa tó ń bọ̀. Kí ẹgbẹ́ máa ra ìjókòó tuntun tó ṣeé yí padà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ọmọ ẹgbẹ́ máa san án fún oṣù mẹ́wàá. Kí ìwé kan wà ní ọ́fíìsì tí a ó kọ ọjọ́ tí ìjókòó kọ̀ọ̀kan máa parí àti orúkọ ẹni tó ń lò ó sí, kó lè jẹ́ pé bí ọmọ ẹnìkan bá dàgbà, ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ á rà á lówó pọ́ọ́kú pẹ̀lú ìtàn rẹ̀. Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń ta tòkunbọ̀ máa fi ọjọ́ ìparí han oníbàárà kó tó fọwọ́ kan àpò rẹ̀, kí wọ́n sì gé okùn èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti lọ kí wọ́n tó dà á nù, kí ẹlòmíràn má baà ṣà á tà. A mọ̀ pé owó á bá ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ ẹgbẹ́ ẹni ni yóò jókòó nínú rẹ̀.

Ìjókòó tiwa ṣì wà lẹ́yìnkùlé. A ti gé okùn rẹ̀. Adìyẹ ló ń yé ẹyin sínú rẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ń kọ ọjọ́ sí, kó yà síbẹ̀ kó wá wò ó, a ó lé adìyẹ dìde fún un.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ronú sí i, kẹ́ ẹ wá sípàdé lásìkò. Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́, ọmọ wa kò ní fi orí gbá o.