Ẹni Tí Ó Gba Ẹ̀gbẹ́ Kì Í Ṣe Ojo

Àwọn kan wà nínú àwọn tí ń kọ́ ọmọ ní eré échecs, tí wọn kì í fẹ́ rí i kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ eré láti ẹ̀gbẹ́ pátákó. Lójú wọn, akọni ni ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ti ọmọ-ogun iwájú ọba tàbí ti ayaba síwájú; ojo ni ẹni tí ó bá gba ẹ̀gbẹ́. Wọ́n tún ní, nínú eré kíákíá, ẹ̀tàn lásán ni. Èmi kò gbà.

Ẹkùn tí ó ba, kì í ṣe ojo. Ẹni tí ó ti ọmọ-ogun ìlà b tàbí c síwájú kò fi àárín pátákó sílẹ̀. Òkèèrè ni ó ti ń dojú ìjà kọ ọ́. Báyìí ni Richard Réti ṣe ní New York ní 1924, tí ó fi ṣẹ́gun Capablanca ọmọ Kúbà, aṣáájú eré náà lágbàáyé nígbà náà, ẹni tí ẹnikẹ́ni kò tíì borí láti ọdún 8 sẹ́yìn.

Wọn yóò ní: Larsen ńkọ́? Lóòótọ́, ní Belgrade ní 1970, ó ti ọmọ-ogun ìlà b, Spassky sì borí rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ 17. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kan náà, Fischer fi ìṣísẹ̀ yẹn gan-an bẹ̀rẹ̀ eré, ó sì borí. Ọ̀nà kọ́ ni ó pa Larsen. Bí ó ṣe rìn ín ni.

Eré gígùn nìwọ̀nyí. Ní ti eré kíákíá, ìṣẹ́jú 15 ni oṣeré kọ̀ọ̀kan ń ní nínú ìdíje àgbáyé, pẹ̀lú ìṣẹ́jú-àáyá 10 lórí ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó kọ́ ogún ìṣísẹ̀ sórí kò ní í ná àkókò kankan bí a bá bá a tọ ọ̀nà tí ó mọ̀. Bí a bá gba ẹ̀gbẹ́, ó di dandan kí ó ronú, aago rẹ̀ sì ń lọ.

Ohun tí ó ń bí wọn nínú gan-an nìyẹn. A ti sọ àkọ́sórí di ìmọ̀ ní ilé-ìwé wa: ọmọ ń ka ẹ̀kọ́ ní èdè Faransé láìṣì sọ, ṣùgbọ́n bí a bá yí ìbéèrè padà díẹ̀, ẹnu rẹ̀ a wọhò. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má bá ọmọ tí ó gba ẹ̀gbẹ́ wí. Ẹ bi í léèrè ìdí tí ó fi gbà á. Bí ó bá lè sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.