Ogún tí à ń kà àti ogún tí à ń jẹ

Sí Olóòtú,

Àròkọ kan tí ìwé ìròyìn yín gbé jáde sọ pé nítorí tí àwọn baba wa máa ń pín ẹrù òkú sí ọ̀nà ogún ni a ṣe ń pe dúkìá tó fi sílẹ̀ ní ogún. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá jọ ohun la fi ń wé ohun, ṣùgbọ́n ìró nìkan ni ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí fi jọra. Èyí tí à ń kà ni ìyá ogójì, tí í ṣe ogún méjì, àti ọgọ́ta, tí í ṣe ogún mẹ́ta. Èyí tí à ń jẹ kò bá oǹkà tan rárá. Ìdí-igi, ìyẹn iye ìyàwó tó bímọ, ni Yorùbá sábà fi ń pín in, àfi bí ìjà bá dé tí olórí ẹbí sì ní kí ó di orí-ò-jorí, ìyẹn ọgbọọgba fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tí a parí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án ni baba tí wọ́n ń du ogún rẹ̀ fi sílẹ̀ ní Èkó, ìdí-igi sì ni àwọn adájọ́ fọwọ́ sí: ọ̀nà mẹ́rin, ọ̀kan fún àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan. Níbo ni ogún ti wọ̀ ọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un ṣe, nítorí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń kà yín.

Òǹkàwé yín,
Òmùò-Èkìtì